Kì í ṣe iwin inú Stranger Things ló kó ọmọ mi láyà jẹ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí àwa tá a lọ́mọ tó ń bàlágà nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá mo dìde lóru kí n lọ yẹ ilẹ̀kùn wò, bí mo ṣe ń kọjá níwájú yàrá àwọn ọmọ ni mo gbọ́ orin tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wọlé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ti sùn lọ fọnfọn, íápíìsì wà létí ẹ̀, fóònù ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù lábẹ́ pílò, orin kan ṣoṣo ló ń tún ara ẹ̀ kọ. Bí mo ṣe ní kí n yọ ọ́ báyìí ló ta gìrì, ó ní "Mọ́mì ẹ má yọ ọ́, ó máa wá mú mi." Ta ló máa wá? Ó ní Vecna.

Àṣé Stranger Things ló ń wò, síríìsì Netflix, ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan ló fi Xender gbé e sí fóònù ẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní ẹ̀mí òkùnkùn ló bà lé e, ká gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀ ká sì sun fóònù náà. Mi ò bínú sí i o, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ṣe é. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà, mo ń jókòó tì í, àwa méjèèjì wá ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Apá kìíní tó jáde ní 2016 ò burú. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan ló sọnù ní November 1983 ní ìlú tí wọ́n pè ní Hawkins, ẹ̀dá abàmì kan ló gbé e lọ sí ayé ìsàlẹ̀, ìyá ẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun ò kú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọn wọ́n ń wá a kiri. Ó ń bani lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo tó ti wọ igbó Ọ̀ṣun, tó ti dúró lábẹ́ àwọn ère ńlá tí Àdùnní Olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà mọ síbẹ̀, tó sì ti gbọ́ àlọ́ egbére lẹ́nu ìyá àgbà, iwin ò ṣàjèjì sí i. Ọmọ 13 lè wò ó tí àgbà bá wà ńbẹ̀.

Apá kẹrin, ti 2022, ọ̀tọ̀ ni. Òkú àwọn ọmọdé nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Vecna yìí kì í kàn mú ẹni tó bá rí, ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀dùn tó ń dá gbé sínú ló ń wá kiri, á fi ohùn èèyàn wọn pè wọ́n, á ka ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn, á wá gbé wọn sókè á máa ṣẹ́ wọn léegun. Ọmọbìnrin kan wà ńbẹ̀, Max, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú, ó rò pé òun lòun jẹ̀bi, ojú oórì ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ni nǹkan yìí ti wá mú un, orin tó fẹ́ràn jù táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé sí i létí ló gbà á.

Ibẹ̀ lọmọ mi ti bú sẹ́kún. Ìyá mi tó tọ́ ọ dàgbà kú lọ́dún tó kọjá. Ó ní lálẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí Màmá kú, Màmá pe òun, òun ń wo fíìmù, òun ò gbé e. Kò sọ fún ẹnì kankan látìgbà yẹn.

Amẹ́ríkà kọ TV-14 sí i lára, ìyẹn ni pé ó lè má yẹ ọmọ tí ò tíì pé 14. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, náà ní 12, 15, 18 tiẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó mọ ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ tí ò tíì pé 15 wo apá kẹrin yẹn, téèyàn ẹ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kódà kó ti pé 16, ẹ ní kó sún un síwájú. Ẹ lè fi PIN onínọ́ńbà mẹ́rin ti Netflix tì í pa, ṣùgbọ́n PIN ò ká Xender, ẹ máa bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

A ò tíì bẹ̀rẹ̀ apá karùn-ún. Ó ní ká dúró ná, òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ sójú oórì Màmá n'Ìkìrun. Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òkè-Fìà, Òṣogbo