Ojú ewé ìnáwó ni ìwé ìbéèrè wa ti ń kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ni pé àwọn olówó ìrànwọ́ kò rí tiwa rò, pé Kútọnu ni gbogbo rẹ̀ ń pin sí. Ó lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń bá wọn to ìwé mọ̀ pé ojú ewé ìnáwó ni púpọ̀ nínú ìwé tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ti ń kú.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwé ẹ̀rí kúrò nílẹ̀ ná: résépísé (ìwé tí ìjọba fi gba orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀), IFU (nọ́ńbà owó orí, tó ní dígíìtì 13), àti àkáǹtì báńkì tí èèyàn méjì ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Orúkọ kan náà ni kó wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ tó bá kọ Ìrẹ̀pọ̀ síbí, tó kọ Irékpo sọ́hùn-ún, ń wá wàhálà báńkì. Àkáǹtì alága kò dúró fún ti ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àkáǹtì orí fóònù (MoMo) akápò.

Ó wá ku ìnáwó. "Ohun ìkọ́lé: 2,000,000" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Iye àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 ni kí ẹ kọ, iye ọkọ̀ yanrìn, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí ẹ ti béèrè iye owó náà. Fún ohun ńlá bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ gba proforma, ìwé tí oníṣòwò fi sọ iye tó máa tà á, lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta. Ẹ tún ka ohun tí olówó kì í san. Owó Kusanone ti ẹ́ńbásì Japan, fún àpẹẹrẹ, kì í san owó oṣù, kì í sì í ra epo ọkọ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń rí i tí wọ́n ń kọ owó oṣù alábòójútó sí i.

Ìdásí ará ìlú ni wọ́n fojú kéré jù. "A ó fi agbára wa ṣe é" kì í ṣe iye. Bí èèyàn 20 bá fi ọjọ́ 6 gbẹ́ ilẹ̀, tí òòjọ́ jẹ́ 2,000 fránkì CFA, 240,000 nìyẹn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kí olúkúlùkù tẹ̀ka tàbí kó fọwọ́ sí ìwé lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iṣẹ́ ti parí, pẹ̀lú bírò kan, ojú máa ń dá a mọ̀.

Fàtúrà, ìwé tí oníṣòwò ń kọ fún ọjà tí a rà, ló le jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́málísé ni àwọn olówó ń béèrè, èyí tó ní IFU oníṣòwò àti àmì QR. Ìyá tó ń ta ọparun lọ́jà Kétu kò ní in, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé omi kò ní in. Àwọn kan á wá lọ tọrọ fàtúrà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tí kò ta nǹkan kan fún wọn. Ẹ má dán an wò: ẹni bá fi fóònù yẹ àmì QR náà wò yóò rí ẹni tó tà á. Ìwé ìsanwó ni kí ẹ ṣe, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀, fóònù, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, ìtẹ̀ka, ẹlẹ́rìí méjì. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ fi lẹ́tà béèrè iye tí olówó lè gbà lọ́nà yẹn, kí èsì rẹ̀ wà nílẹ̀.

Bí owó bá jẹ́ yúró, 655.957 fránkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í yí. Dọ́là ń yí: ẹni tó fi 600 ṣírò dọ́là 20,000, tí ó wá bọ́ sí 560, ti pàdánù 800,000 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iye tó kéré ṣírò, kí ẹ sì ka owó tí báńkì ń gé mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ wà fún àwọn olówó náà. Proforma mẹ́ta fún iṣẹ́ bíríkìlà ní abúlé tó ní bíríkìlà kan ṣoṣo, níbo ni kí wọ́n ti rí méjì yòókù? Ẹ kọ irú ìwé ìsanwó tí ẹ máa gbà sínú ìkéde yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ mọ̀ kó tó béèrè.

Àwa tí à ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìwé ìnáwó,
Kétu