Ẹ má fi ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ pàdé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú mẹ́tì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti òpin ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń na àwọn ọ̀dọ́ ní gbangba láwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbò nítorí mkpuru mmiri, ìyẹn oògùn olóró methamphetamine, mẹ́tì ní kúkúrú, tí àwọn tó ń fà á tún ń pè ní áìsì, ọ̀rọ̀ oògùn yìí kò kúrò nínú ìwé ìròyìn mọ́. A máa ń ka ẹni tí NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, mú àti iye kílò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a kì í kà ni ti ọmọ tó ti sọ pé òun ò fà á mọ́, tó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kẹrin, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń wo ilẹ̀kùn, tí ìyá rẹ̀ ò sì mọ èyí tí yóò ṣe. Ọjọ́ yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣe àṣìṣe tó ń dá ọmọ padà sídìí oògùn.

Mẹ́tì a máa fipá tú dopamine àti noradrenaline sílẹ̀ nínú ọpọlọ. Kokéènì ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ọpọlọ kó wọn padà. Àwọn èròjà yìí ló ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni, àwọn náà ló ń mú kí èèyàn wà lójúfò. Bí wọ́n bá ń ya wọlé lọ́nà àìtọ́ lójoojúmọ́, ọpọlọ á dín ibi tó fi ń gbà wọ́n kù. Lọ́jọ́ tí oògùn bá wá dáwọ́ dúró, adùn ti tán, ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tó ń kìlọ̀ ewu ṣì ń pariwo. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi ń já láìsí ohun tó ń lé e. Ọmọ náà ò díbọ́n.

Láti bíi wákàtí 24 títí di ọjọ́ 3 lẹ́yìn tó fà á kẹ́yìn, oorun ni yóò máa sùn ṣáá, bó bá sì jí, ebi ni yóò máa pa á. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń dúpẹ́ nígbà yìí pé wàhálà ti tán. Ìgbà tí oorun yẹn bá dá ni ìfòyà ń wọlé: inú fùfù, ọkàn tó ń lù kìkì, àìróorunsùn, àlá burúkú, kó máa fura sí ẹni tó kọjá lẹ́bàá fèrèsé, kí òùngbẹ oògùn sì máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ṣùgbọ́n oorun lè má já gaara, ọkàn sì lè wúwo, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ẹ sọ iye ọjọ́ yìí fún òun fúnra rẹ̀, ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá rò pé bí òun yóò ṣe máa wà títí ayé nìyí ló máa ń sáré padà.

Àṣìṣe tó dùn wá jù ni ti ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ gbígbẹ. Ìfẹ́ ló ń sún ìdílé ṣe é, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ebi nìkan tó láti mú ara gbọ̀n, kí òógùn bo èèyàn, kí ọkàn máa sáré, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìfòyà ti ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Àìsùn sì lè dá ìfura àti ohùn tí kò sí padà sétí ẹni tó ń fa mẹ́tì. Ẹ gbàdúrà fún un lọ́sàn-án lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kó lè sùn lóru. Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán burú ju èyí lọ: ẹni tó ti ń rò pé wọ́n fẹ́ pa òun, ẹ wá gbé e dè.

Bákan náà, ẹ má lọ ra Lexotan tàbí diazepam, ìyẹn oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ tó sì ń múni sùn, ní kẹ́míìsì fún un. Dókítà lè kọ irú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kó sì máa ṣọ́ ọ. Bó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, òun náà lè di bárakú. Bó bá sì pàdé ọtí, tramadol tàbí kodíìnì nínú ara, èémí lè dúró. Ẹni tó bá sọ pé òun ní abẹ́rẹ́ tó ń gé mẹ́tì kúrò lára, owó yín ló ń wò. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ka sí: obì. Kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí àti ẹnajì dírínkì, ó sì ń mú ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ sáré sí i. Ẹ kó gbogbo wọn kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ìjáyà bá gbé e, kí ẹnì kan péré jókòó tì í, kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kó fa èémí símú bó ṣe ń ka 1 dé 4, kó mí i jáde lẹ́nu bó ṣe ń ka 1 dé 6, fún ìṣẹ́jú 5. Èémí kúkúrú kúkúrú ló ń fa òòyì àti ìka ọwọ́ tó ń ta ṣínṣín, tí yóò fi rò pé òun ń kú lọ; mímí jáde pẹ̀lẹ́ ló ń dá ọkàn padà sípò. Ìjáyà sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ó ń lọ. Òùngbẹ oògùn náà kì í dúró títí: kó wẹ̀, kó rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú ẹnì kan, kó tó pinnu ohunkóhun.

Lọ́jọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ kàn máa jí i mumi kó sì jẹun. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí 3 sí 4 dára ju àwo ńlá kan lọ: ògì pẹ̀lú mílìkì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹ̀wà rírọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin, aago kan náà ni kó máa jí láràárọ̀, kó sì máa fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Páìpù onígíláàsì, fóìlì àti láítà, ẹ ti kó wọn dànù nígbà tó wà lójú oorun, torí rírí wọn nìkan tó láti ru òùngbẹ náà sókè. Ẹ pa nọ́ńbà ẹni tó ń tà á fún un rẹ́ nínú fóònù, kí ẹ má sì fi owó sí i lọ́wọ́.

Gbogbo èyí wà fún ẹni tó jẹ́ pé mẹ́tì tàbí kokéènì nìkan ló ń lò. Bó bá tún ń mu ọtí lójoojúmọ́, tàbí tó ń lo oògùn oorun, ẹ má dá ọtí tàbí oògùn oorun náà dúró lójijì nílé. Gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni irú ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn ún, bí gìrì bá mú un, bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, bó bá ń gbọ́ ohùn tó ń pàṣẹ fún un, tàbí tó ń sọ pé kí òun kúkú kú. Ẹ má ka èyí tó kẹ́yìn yìí sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìgbà tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró yìí gan-an ni ewu kó pa ara rẹ̀ ga. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà. Bíbéèrè kò fi í sí i lọ́kàn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Àyè ìtọ́jú wà fún àwọn tó ń lo oògùn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò l'Ábẹ́òkúta àti ti Yábàá l'Ékòó. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí NDLEA fi ń gba ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni 0800 1020 3040. Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí kò pọ̀, Olóòtú: nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ ìròyìn oògùn olóró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ,
Ìbàdàn.