Ìwé jíjá ló gbé Arthur Andersen dé kóòtù

Sí Olóòtú,

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ́dítọ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ wò, bá délẹ̀ làwọn èèyàn ń sọ pé irọ́ inú ìwé owó Enron, iléeṣẹ́ agbára ní Amẹ́ríkà, ló gbé Arthur Andersen tó jẹ́ ọ́dítọ̀ rẹ̀ dé kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kan ilé iṣẹ́ náà lóṣù kẹta ọdún 2002 kì í ṣe ti ìṣirò. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ já wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń bi wọ́n.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2001, agbẹjọ́rò Andersen kan ní Chicago fi ímeèlì rán àwọn ti ọ́fíìsì wọn ní Houston, tó ń ṣe ọ́díìtì Enron, létí òfin ilé iṣẹ́ wọn lórí ìwé tó yẹ ní títọ́jú àti èyí tó yẹ ní dídànù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Enron kéde àdánù mílíọ̀nù 618 dọ́là. Nígbà tó fi di ọjọ́ 23, ẹ̀rọ tó ń já ìwé ò sinmi mọ́, wọ́n sì ń pa ímeèlì rẹ́. Ìgbà tí ìwé ìpè SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ṣíà ní Amẹ́ríkà, dé lóṣù kọkànlá ni wọ́n tó ṣíwọ́. Kò sóhun tó burú nínú kí ilé iṣẹ́ ní òfin ìwé dídànù. Ohun tó burú ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí rẹ̀ nígbà tí olùwádìí ń kó bàtà bọ̀.

Ilé ẹjọ́ dá Andersen lẹ́bi, àmọ́ owó ìtanràn rẹ̀ ò ju 500,000 dọ́là lọ. Lọ́dún 2000 nìkan, Enron san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún wọn lórí ọ́díìtì àti mílíọ̀nù 27 lórí iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà owó kọ́ ló pa wọ́n. Ohun tó pa wọ́n ni pé ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ tí wọ́n bá dá lẹ́bi ò lè yẹ ìwé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ṣíà wò níwájú SEC mọ́. Àwọn oníbàárà sá lọ, nǹkan bí 85,000 òṣìṣẹ́ kárí ayé sì fọ́n ká. Ọ́fíìsì wọn ní Nàìjíríà bọ́ sábẹ́ KPMG, ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà. Ta ló kù tó máa gba ìdáláre?

Àwọn mìíràn ò sì kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2019, KPMG Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 50 dọ́là: wọ́n jí orúkọ àwọn iṣẹ́ tí PCAOB, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ọ́dítọ̀ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì tún ìwé iṣẹ́ tó ti parí ṣe kí àwọn alábẹ̀wò náà tó dé. Lọ́dún 2022, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 14.4 pọ́n-ùn lé KPMG ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n parọ́ fún àwọn tó wá yẹ iṣẹ́ wọn lórí ìwé owó iléeṣẹ́ Carillion àti Regenersis wò. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n kó kalẹ̀, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò le. ISA 230, ìlànà àgbáyé lórí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ́díìtì, ní kí wọ́n kó fáìlì jọ láàárín 60 ọjọ́ sí ọjọ́ tó wà lórí ìjábọ̀ ọ́dítọ̀, kí wọ́n sì tì í. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n lè da ẹ̀dà tó pé méjì àti ìwé tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò nù. Lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ohunkóhun fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Bí àfikún bá pọn dandan, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀gá ò ka iṣẹ́ títí lẹ́tà alábẹ̀wò fi dé, ló bá ní kí ọmọ iṣẹ́ buwọ́ lù ú pẹ̀lú ọjọ́ àtẹ̀yìnwá. Kọ̀ǹpútà náà ti kọ ọjọ́ tòótọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ tàbí ìwádìí bá sì ti ń rùn bọ̀, kí ìwé dídànù dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ṣe dìgbà tí ìwé ìpè bá dé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n bá sọ lórí WhatsApp wà lára ìwé tí wọn ò gbọ́dọ̀ dà nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ò kà á sí ìwé.

Akáǹtáǹtì kan, Ìbàdàn