Ẹ dá àpàlà ìdájí wa padà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti oṣù tó kọjá ni ilé iṣẹ́ rédíò kan níbí ní Abẹ́òkúta ti pa orin dà. Tẹ́lẹ̀, láti aago márùn-ún ìdájí títí di méje, àpàlà àti sákárà la máa ń gbọ́. Ní báyìí, orin Afrobeats nìkan ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mi ò bá àwọn ọ̀dọ́ jà o; èmi náà a máa mi orí sí i díẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn tó ń polówó ọjà ń fẹ́ nìyẹn. Ó yé mi, ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń ra epo jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, la wà yìí! Láti 1980 tó ti kú, rédíò ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ò bá a láyé fi mọ ohùn rẹ̀. Ọmọ wo ló máa dédé lọ wá Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, lórí fóònù?

Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, wákàtí méjì ìdájí yẹn péré là ń wí.

Èmi ni,
Aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta