Ẹ̀sùn Lórí Áàpù Tí Kò Jẹ́ Kí Èèyàn Jáde

Yábàá, Èkó.

Sí Ọ̀gá Tó Ń Bójú Tó Àwọn Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà lọ́wọ́ yín, torí náà mi ò ní máa ròyìn áàpù ẹ̀kọ́ ọmọdé yín fún yín. Mo kàn fẹ́ jáde níbẹ̀ ni, kí ẹ yéé yọ owó mi. Ẹ yẹ nọ́ńbà mi wò, ẹ ó rí ìgbà mẹ́rin tí mo ti pè.

₦4,500 tí ẹ ń yọ lóṣooṣù kì í ṣe owó kékeré fún aránṣọ, àmọ́ òun kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró." Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni?" Mo kà á o. Mo ka èyí tí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: ọ̀fẹ́, ọjọ́ méje. Èyí tó ní ẹ ó máa yọ owó lẹ́yìn náà kéré bí ẹsẹ̀ eèrà, tòun ti jígí lójú, mi ò rí i. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ṣe é lórí áàpù fúnra mi.

Mo lọ. Ìgèrè àwọn apẹja Mákòko ni áàpù yín: ẹja á wọlé wẹ́rẹ́, kò ní rọ́nà jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ bọ́tìnnì tí mo fi wọlé. Ojú ewé mẹ́fà ni mo là kọjá kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń jáde, òun náà ò sì jọ bọ́tìnnì. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni, "Rárá, ẹ̀kọ́ ọmọ mi ò kàn mí." Èmi tí mo ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ títí di òru nítorí owó ilé-ìwé! Ẹni tó kọ ọ́, ṣé kò ní ìyá ni?

Mo gbé ìtìjú tì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n pe nọ́ńbà yín. Nọ́ńbà ní kí n kọ ímeèlì. Ímeèlì ní wákàtí 48. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ dánfó dé CMS, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì yín ní Marina, sìkiọ́rítì ní orí áàpù ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún yọ ₦4,500. Ìyẹn lẹ kì í gbàgbé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kí n má pè é ní àṣìṣe, ó lórúkọ: dark pattern, ọgbọ́n ẹ̀tàn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sínú áàpù. Ó ní òyìnbó kan, Harry Brignull, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2010, àti pé lọ́dún 2025 Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí irú ẹjọ́ yìí. Amẹ́ríkà jìnnà, mo gbà. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, ò jìnnà.

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ẹ dá a dúró, ẹ dá ₦13,500 oṣù mẹ́ta padà, kí ọmọbìnrin yẹn sì fúnra rẹ̀ pè mí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa ní kí báǹkì ti káàdì mi pa, FCCPC á sì gba lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwòrán ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ti yà wọ́n sórí fóònù.

Ẹ má sì wulẹ̀ fi "A mọ rírì yín" ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, nígbà tí ẹ ò tíì jẹ́ kí n lọ.