Ẹ dá yàrá tíṣà gáídáǹsì padà fún un

Olóòtú,

Ọ̀kun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ìjọba yọ àwọn tíṣà gáídáǹsì, ìyẹn àwọn tó ń gba ọmọ ilé-ìwé nímọ̀ràn, kúrò nílé-ìwé girama, pé owó oṣù ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà, pé àṣà òyìnbó tuntun ni, àti pé ìyá tó bá ti tọ́mọ yè lè gba ọmọ nímọ̀ràn. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbé, ọmọ-ọmọ mi obìnrin kan sì wà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

JS3 ni ọmọ yìí wà nígbà tí tíṣà gáídáǹsì wọn ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ládùúgbò ló ń bi mí pé, "Kí ló ṣe?" Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ilé-ìwé bá ránṣẹ́ pe èèyàn, a jẹ́ pé ìjà ni, tàbí oyún, tàbí owó tí a ò tíì san. Ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ́ pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣíà ni, tíṣà obìnrin náà sì ní òun fẹ́ rí ẹbí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pín wọn.

Yàrá kékeré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbìrì: tábìlì kan, àga mélòó kan, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ó ṣí fáìlì ọmọ náà síwájú mi. Èsì rẹ̀ láti JS1 wà níbẹ̀ ní táàmù-táàmù, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí kò wá sílé-ìwé àti ohun tí tíṣà kọ̀ọ̀kan kọ nípa rẹ̀. Ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan ní JS2 tí máàkì rẹ̀ ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé lásìkò yìí?" Mo ronú, mo rántí. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ gbé e wá láti Àbújá sọ́dọ̀ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún fi táàmù tó tẹ̀ lé e hàn mí, bí máàkì náà ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò ní torí táàmù kan ṣoṣo yẹn sọ pé ọmọ ò mọ sáyẹ́ǹsì.

Lẹ́yìn náà ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé e sí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí i tán. "Àǹtí, lọ́yà ni mo fẹ́ kó ṣe o." Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ọmọ ló yíjú sí. Ọmọ wo ilẹ̀, ó ń fọwọ́ yí etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe. Mo dákẹ́ pátápátá, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òfin, JAMB máa béèrè Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ méjì mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni, bẹ́ẹ̀ ni ó tún gbọ́dọ̀ ní kírẹ́dítì nínú gbogbo wọn ní WAEC tàbí NECO, pẹ̀lú Ìṣirò. Ọmọ tó bá wọ áàtì ní SS1 ò ní ṣe Físíìsì. Tó bá wá di ọdún mẹ́ta tí ó wù ú láti lọ sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, ibo ló ti fẹ́ rí Físíìsì mú wá? Ó tún sọ fún ọmọ pé bó bá wọ sáyẹ́ǹsì, kó má retí pé òun á tún máa ṣe Lítíréṣọ̀ fún òfin lẹ́yìn. Kò yan ọ̀kan fún wa. Ó ní ká lọ sọ ọ́ nílé, ká padà wá.

A sọ ọ́ nílé. Ariwo díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọmọ ti wà ní SS2 báyìí, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, Físíìsì sì ń fún un ní wàhálà gan-an. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí náà ló gbé ìyẹn lọ, òun ló sì bá tíṣà Físíìsì sọ ọ́ tí wọ́n fi fi í sáàárín àwọn tó ń dúró kẹ́kọ̀ọ́ sí i lẹ́yìn ìparí iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wo ló mọ gbogbo èyí? Mo tọ́mọ, mo gbẹ̀bí ọmọ tí mi ò lè kà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí JAMB ń béèrè lóde òní. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ọmọ ò ní sọ létí ìyá àgbà rẹ̀ láéláé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, obìnrin náà sọ fún èmi àti ọmọ pé ohun tí ọmọ bá sọ fún òun, ọ̀dọ̀ òun ló máa wà, àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí tí ẹnì kan bá ń ṣe ọmọ níṣekúṣe, torí nígbà yẹn òun gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó lè gbà á. Mo mọ òfin yẹn, torí òun náà là ń lò nílé ìwòsàn. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí i: "Ọmọ tèmi, kí n má gbọ́ ohun tó sọ?" Ẹ rọra. Bí ẹ bá fipá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tíṣà gáídáǹsì kan fi ìwé pélébé rán ọmọkùnrin kan sí wa. Wọ́n ti nà án káàkiri kíláàsì pé kì í kọ nóòtì tán. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé, "Ẹ bá wa wo ojú rẹ̀. Ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ, kì í wo pátákó." Ojú ni lóòótọ́. Nínú gbogbo àwọn tó mú pàṣán, kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Ẹni tó ní àṣà tuntun ni, kó lọ bi àwọn ará Ìbàdàn. Láti 1959 ni àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, tí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọjọ́ iwájú. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn nílẹ̀ yìí, CASSON, ti wà láti 1976. Àṣà yìí ju Ìpínlẹ̀ Kogí fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, torí 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ni pé ní ilé-ìwé púpọ̀, a ò rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣé wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe é ni? Ní ilé-ìwé tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti kó Civic Education gbogbo kíláàsì JS lé obìnrin náà lórí. Àwọn lọ́kà tó ti fọ́ ló kún yàrá rẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn ò ṣí tán mọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó iṣu sí yàrá ìgbẹ̀bí, àbí? Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń rí àwọn ọmọ báyìí, lẹ́bàá ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ pọnmi. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan kẹ̀yìn sọ́nà, ó ń fi bẹ́rẹ́ẹ̀tì nu ojú, àwọn ọmọkùnrin tó ń kọjá sì ń kí tíṣà níkọ̀ọ̀kan. Kí ni ọmọ yẹn á lè sọ? Wọ́n tún fi tíṣà náà sára àwọn tó ń na ẹni tó bá pẹ́ dé. Ọmọ tó bá jẹ ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ má retí kó wá bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án.

Àwa náà nílé ń dá kún un. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà pọ̀ láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tí àwọn òbí wọn wà ní Èkó, Àbújá àti Kàdúná. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, nọ́ńbà náà kì í sì í lọ. Ẹ kọ méjì: ti ẹni tí ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ti ẹni tó ń san owó. Kí ilé-ìwé náà má sì máa pe èèyàn láàárọ̀ lásìkò kajú, tí gbogbo ilé wà lóko. Ìrọ̀lẹ́ dára.

Ìpàdé PTA tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Mo ti sọ fún alága pé ọ̀rọ̀ yàrá náà ni màá kọ́kọ́ gbé dìde, kí wọ́n tó dé orí owó géètì.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí.