Ẹ dá logbook mi padà: lẹ́tà ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọpa ìtàn mọ́tò àtijọ́

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Lamborghini Miura mi, mọ́tò tí mo ní kí ẹ bá mi tọpa ìtàn rẹ̀, ni mo bá wá. Nọ́ńbà fáìlì mi wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí. Ẹ ó rí iye tí mo san, ọjọ́ tí mo san án, àti gbogbo ohun tí ẹ ní ẹ ó ṣe, nítorí náà mi ò ní tún un kà fún yín. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń polówó lórí rédíò fún àwa tá a wà ní London pé ọmọ ilé kan náà ni wá, pé ẹ ó dá wa lóhùn ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ náà fún yín dípò àwọn òyìnbó tó ti ń ṣe é tipẹ́.

Kì í ṣe pípẹ́ tí ẹ pẹ́ ló ń bí mi nínú. Mẹkáníìkì ni mí, mo mọ̀ pé títọpa mọ́tò tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá sọ fún mi pé èsì kò tíì dé láti Ítálì, mo máa dúró. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sígbà tí mo pè tí n kì í gbọ́ ìdáhùn tuntun. Wọ́n kọ́kọ́ ní ìwé ti lọ sí Sant'Agata, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Lamborghini ní Ítálì. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní kò tíì lọ, pé ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i wà ní ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ní òun ò rí fáìlì mi lórí kọ̀ǹpútà rárá, pé kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí n sì tún owó san. Mo fi risíìtì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó fèsì. Mo tún un fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn pé ẹ dúpẹ́ pé mo kàn sí yín. Fònídónìí-fọ̀ladọ́la ni gbogbo rẹ̀.

Alábòójútó yín, obìnrin kan, wá kọ ímeèlì sí mi pé òun fúnra òun ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí òun, pé ìròyìn kíkún máa wà lọ́wọ́ mi kí oṣù tó parí. Mo gbà á gbọ́. Mo fi ìlérí yẹn ra ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò náà. Oṣù parí, alábòójútó kò gbé fóònù mọ́, ẹni tó fẹ́ rà á náà sì lọ ra òmíràn tí ìwé rẹ̀ pé. Mi ò bá a jà. Èmi náà kò ní san irú owó bẹ́ẹ̀ sórí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tó ti wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù nígbà tí mo pè kẹ́yìn ńkọ́? Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ ní ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ọ. Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ìwọ lo ni mọ́tò yìí, àbí dẹ́rẹ́bà wọn ni ẹ́?" Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó ní, "Kí olówó ẹ pè wá fúnra ẹ̀." Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé àgbàlagbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ń pè mí ní ìwọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àkọ́bí mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rí mi fín níwájú ọmọ mi, nínú ilé mi, lórí iṣẹ́ tí mo ti sanwó rẹ̀.

Mo gbé ìyẹn mì. Mo wá béèrè logbook àtijọ́, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò náà, tí mo fi síkàáwọ́ yín. Ó ní, "Ìwé gbígbó yẹn? Ṣebí a ti yà á ní fọ́tò." Mo ní kí ló dé tí wọn ò dá ojúlówó rẹ̀ padà. Ó ní òun ò mọ ibi tó wà, pé nígbà tí ẹ kó ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ ìwé ló bá ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́ lọ, pé bóyá ó wà lára wọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ike omi tó ṣófo. Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀gá, ẹ̀yin mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ó hàn pé àwọn tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ mọ́tò yìí sílẹ̀ ní 1970, iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Swansea. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é. Inú logbook ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tí mọ́tò bá bọ́ sí lọ́wọ́, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn da ìwé ńlá tiwọn nù; díẹ̀ ló bọ́ sí ilé ìkówèéàtijọ́pamọ́sí. V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí à ń lò lónìí, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára pé òun kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ló ni mọ́tò. Bí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù V888, tí wọ́n fi ń béèrè ìsọfúnni nípa mọ́tò, sí DVLA, ọ́fíìsì Swansea yẹn, ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lè fún yín. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí logbook yẹn jẹ́ ibi kan ṣoṣo láyé tí orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ ni Miura yìí ṣì wà. Orúkọ ọ̀gá mi ló kẹ́yìn nínú rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó sì fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Fọ́tò kò ní òǹtẹ̀ tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn, tàbí yíǹkì tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ lè yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí mo gbé fún yín ni pé kí ẹ wá ìtàn mọ́tò mi, ẹ̀yin lẹ wá lọ sọ èyí tó wà nílẹ̀ nù. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu.

Ìròyìn ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ náà ńkọ́? Ní ojú ewé kan, ẹ pe mọ́tò náà ní Miura S. Ní ojú ewé kejì, ẹ pè é ní SV. Nígbà tí mo pe àkíyèsí òṣìṣẹ́ yín sí i, ó ní "Miura ni Miura." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi Miura ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni S àti SV. Láti 1966 sí 1973 tí wọ́n fi ṣe Miura, gbogbo rẹ̀ kò pé 800, SV nínú wọn sì jẹ́ 150 péré. SV ló wọ́n jù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbé S wọn lọ bá pánẹ́ẹ̀bítà pé kó fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kó yọ irun ojú tó yí iná iwájú ká, kó lè jọ SV. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wádìí gan-an nìyẹn: ṣé bí mọ́tò yìí ṣe kúrò ní Sant'Agata ló ṣe wà, àbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, ìgbà wo sì ni? Ṣé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é? Ṣé nọ́ńbà tí Bertone, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìta rẹ̀ ní Turin, kọ sára rẹ̀ bá ti ṣáṣí mu? Ẹ ò dáhùn ọ̀kankan. Kàkà bẹ́ẹ̀, abala tí ẹ pè ní "ìtàn àwọn tó ti ni ín" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ sínú fọ́ọ̀mù yín, gbólóhùn fún gbólóhùn. Ohun tí mo fẹnu ara mi sọ fún yín lẹ tún tà fún mi.

Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Lamborghini dá Polo Storico, ẹ̀ka tó ń bójú tó mọ́tò àtijọ́ wọn, sílẹ̀ ní 2015 nítorí irú rẹ̀ gan-an. Ní 2019 wọ́n fọwọ́ sí i pé Miura tí nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ jẹ́ 3586 ni èyí tí wọ́n wà nínú fíìmù The Italian Job, tí àríyànjiyàn ti wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n wo ìwé tó wà nípamọ́, wọ́n sì wá òṣìṣẹ́ àtijọ́ tó wà níbi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Ó rántí pé wọ́n yọ àga aláwọ funfun inú rẹ̀, wọ́n fi dúdú sí i kó má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ibi ìgbórílé funfun ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó sì hàn nínú fíìmù. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ pe ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí mo kọ orúkọ wọn fún yín. Mo mọ̀, torí mo bi wọ́n.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Ẹ wá logbook mi jáde, ẹ dá a padà fún mi pẹ̀lú gbogbo risíìtì àtijọ́ tó bá a lọ. Ẹ dá gbogbo owó mi padà. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé ibi báyìí la kọ̀wé sí, ọjọ́ báyìí ni, èsì tí wọ́n fún wa rèé. Bí ẹ ò bá kọ̀wé síbì kankan, ẹ kọ ìyẹn náà. Ọmọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ pè mí, kó sì tọrọ àforíjì.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 ní ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi òye àti ìfarabalẹ̀ ṣe é. Ilé-ẹjọ́ ni a ó ti sọ ọ́. Káàdì kírẹ́díìtì ni mo fi san owó náà, nítorí náà báǹkì mi náà máa béèrè lọ́wọ́ yín. Lónìí yìí kan náà ni mo ti kọ̀wé lábẹ́ òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni pé kí ẹ fún mi ní gbogbo ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa mi. Oṣù kan ni òfin fún yín. Bí mo bá sì rí i pé ẹ̀rọ lẹ fi gé ìwé yẹn, mo máa lọ sí orí rédíò kan náà tí ẹ ti ń polówó, mo máa sọ ohun tí ojú mi rí, n ó sì gbé ohùn ọmọkùnrin yín sáfẹ́fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

Logbook ni kó kọ́kọ́ dé. Ẹ má fi í sínú póòsì lásán. Kí ẹnì kan gbé e wá sí ilé mi, kí n yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀, kí n tó fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni oníbàárà yín.